Àdúà Kan, Ààfáà Mẹ́ta

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, òfófó ti délé. Tí wọ́n bá bi yín, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o.

Labeebah tó ń ta híjáàbù l'Ẹ́dẹ níbí, orí pápá iléèwé ló ti kọ́kọ́ rí Najeem. Tíṣà eré ìdárayá ni Najeem. Orí ẹ̀ wà nílẹ̀, ìdí ẹ̀ wà lókè, òógùn ń kán nímú ẹ̀. Labeebah rò pé gìrì ló gbé e, ló bá da píọ̀ wọ́tà lé e lórí.

"Hàà! Àǹtí, kí ni mo ṣe yín?"

"Ẹ má bínú, mo rò pé ẹ ti ń kú lọ ni."

"Yógà ni. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí."

"Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n mí, ṣé kò ti kú ni?"

Ẹ̀rín pa Najeem. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ àyà Labeebah máa ń já. Tí Najeem ò bá tètè gbé fóònù, á ti ro ikú, á ti ro obìnrin míì. Najeem kọ́ ọ ní yógà, àràárọ̀ ló ń ṣe é, síbẹ̀ àyà ń já.

"Ìfẹ́ mi, ò ń fa èémí sínú, o ò fẹ́ tú u sílẹ̀. Ṣe tìẹ lójoojúmọ́, kó o jọ̀wọ́ èyí tó kù."

"Tí mo bá jọ̀wọ́ ẹ, tó o bá lọ ńkọ́?"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ?"

Àwọn ẹbí Najeem wá tọrọ ẹ̀. Bàbá Labeebah, Àlàájì Ọláníyan, ní kí ààfáà agboolé kọ́kọ́ fi àdúà bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run bóyá ìgbéyàwó náà dáa. Labeebah ò lè dúró. Ó yọ́ lọ bá ààfáà míì. Ìyẹn ní ó dáa. Kò gbà á gbọ́, ó tún lọ bá òmíràn. Ẹnìkẹta, ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀ ni! Ni ààfáà náà bá pe Àlàájì, inú sì bí Àlàájì.

"Ẹni tí ò gba ìdáhùn Ọlọ́run gbọ́, ṣé ọkọ ló máa gbà gbọ́? Kí àwọn ẹbí Najeem máa lọ!"

Labeebah fẹ́ kó gbogbo àdúgbò lọ bẹ bàbá ẹ̀.

"Ìwọ fúnra ẹ ni kó o bẹ̀ wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré," Najeem sọ fún un. "Kó o wá jọ̀wọ́ ẹ̀."

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, mo ṣàṣejù. Ẹ foríjì mí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni mo gbà."

Ó dìde, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Kò bèèrè mọ́. Tó bá kírun àsùbáà tán, á ṣe yógà ẹ̀, á lọ taja. Ṣé ẹ mọ̀ pé àyà bàbá gan-an ló wá ń já? Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wá jókòó tì í.

"Labeebah, ṣé o ò fẹ́ ọmọ yẹn mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

Bàbá dìde. "Ní kí àwọn èèyàn ẹ̀ máa bọ̀."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì wọn. Ẹ̀yin ńkọ́? Tí wọ́n bá lé ọkọ àfẹ́sọ́nà yín lójú yín, ṣé ẹ máa lè dákẹ́?