Orúkọ Tó Jáde Nínú Fóònù Ilé

"Ìyá Kánkán, jókòó jẹ́ẹ́! Àga yẹn kì í ṣe ẹṣin."

Bí àbúrò ìyá ọmọbìnrin kan, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kánkán nítorí ìkánjú rẹ̀, ṣe máa ń bá a wí nìyẹn. Obìnrin náà ló ṣe ìkànnì ayélujára ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń lọ, ó sì ń kọ́ ọ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ń fi kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, kọ àpótí kéékèèké sínú ojú-ewé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń béèrè ìbéèrè. Bí àlejò bá ti wọlé, àpótí á gba ohun tí buráúsà tó fi ṣí ìkànnì mọ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí wọn.

"Irú fóònù tó lò àti ojú-ewé tó kà ti tó," ni àǹtí náà wí. "Má gba orúkọ o. A ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹni tó béèrè ìbéèrè."

Ìlérí yẹn gan-an ló ń yún Ìyá Kánkán lára; ó fẹ́ mọ ẹni tó ń béèrè kí ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gbohùngbohùn kò sì jẹ́ kó sinmi. "Ìwọ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ, o ń yọjú lójú fèrèsé? Ojo!"

Ìyá Kánkán mọ̀ pé bí ọmọ bá ti wo èsì ìdánwò lórí ìkànnì náà, buráúsà á tọ́jú orúkọ tó tẹ̀. Nígbà tí àǹtí jáde lọ rí oníbàárà, ó fi àpótí kan kún un tí yóò máa so orúkọ yẹn mọ́ ìbéèrè. Ó ń kánjú kí àǹtí má bàa bá a níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kan ti wọlé: "Mo ṣì ń tọ̀ sórí ibùsùn. Ṣé ó lè lọ?" Orúkọ Ìyá Kánkán fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Yéè!" Gbohùngbohùn di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àṣé bẹ́ẹ̀dì lo máa ń kánjú lọ bomi rin!"

"Kì í ṣe..." Ó tún orúkọ náà kà. Fóònù kan ṣoṣo ni wọ́n ní nílé. Fóònù yẹn ni Ìyá Kánkán fi wo èsì rẹ̀; àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló gbé e wọ yàrá lánàá. Ó rántí aṣọ ibùsùn tí ọmọ náà máa ń dá fọ̀ láàárọ̀, tí òun sì ń yìn ín pé ó fẹ́ràn ìmọ́tótó.

"Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta wá ni?"

Bó bá dárúkọ àbúrò rẹ̀ báyìí, ẹ̀sín á kúrò lọ́rùn òun. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Èmi ni," ó wí.

Kò pẹ́ tí Gbohùngbohùn fi jẹ́ kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Wọ́n ń bi í bóyá ó mú rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn dání. Ó jẹ́wọ́ fún àǹtí rẹ̀, àǹtí kò sì pariwo. Ó yọ àpótí náà, ó ti ojú-ewé ìbéèrè pa, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀," ni gbogbo ohun tó sọ.

Nílé, àbúrò rẹ̀, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nílé-ẹ̀kọ́, jókòó tì í. Kò lè wò ó lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní ẹ̀yin ni?"

"Torí pé èmi ni mo ṣílẹ̀kùn tí wọn ò ní kí n ṣí."

Ọmọ náà fà á láṣọ. "Ṣùgbọ́n... ṣé ó lè lọ?"

"Mi ò mọ̀. Dìde, ká jọ lọ bi nọ́ọ̀sì."

Ní ọ̀nà, Ìyá Kánkán kò kánjú. Ó ti yé e wàyí: kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ ẹni tó ló yẹ kéèyàn mú, ẹni tó bá sì finú hàn wá, bíbò ni ká bo àṣírí rẹ̀.