Ọmọ-Ogun Tí Wọ́n Fún Àga Òfìfo

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ dáadáa. Ìwọ, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní mi jàre. Àlọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa. Ó ṣẹlẹ̀. Mo mọ ilé tó ti ṣẹlẹ̀ l'Ágbowó, bí ẹ ń wò mí yìí.

Inú ń bí Ọlájùmọ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ń ru gùdù. Ọmọ rẹ̀, Àníọlá, ló dé àṣekágbá ìdíje ayò ṣẹ́ẹ̀sì ní Bódìjà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ ta kò yọjú. Àga onítọ̀hún ṣófo.

"Ẹ fara balẹ̀, Mọ́mì," ni adájọ́ wí. "Ọmọ yín ló borí."

"Borí ta ni? Àga? Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọmọ mi ti ń kọ́ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ayò yìí! Àníọlá, ta á!"

Àníọlá ń ta tiẹ̀, ó sì ń bá àga ta. Bí ìbẹ̀rẹ̀ tó kọ́ ọ̀hún ṣe rí ni pé èèyàn á mọ̀ọ́mọ̀ ti ọmọ-ogun kan, ọmọ ayò tó kéré jù, síwájú ọ̀tá, kí wọ́n mú un, kí ọ̀nà lè là. Ó tì í. Ó dúró.

"Màámi, ta ni kó wá gba èyí?"

"Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á!"

Gbogbo gbọ̀ngán yíjú wò ó. Ìgbà tí wọ́n máa wo pátákó padà, ọmọ-ogun náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n wá abẹ́ tábìlì tì.

Lálẹ́, wọ́n kanlẹ̀kùn ilé Ọlájùmọ̀kẹ́. Àlejò mẹ́ta. Aṣọ wọn dúdú, ó mọ́ nigínnigín. Wọ́n kí ìyá àti ọmọ dáadáa, wọ́n jókòó. Wọn ò mu omi.

"Mọ́mì, a wá mú ẹni tẹ́ ẹ fún wa."

"Èmi? Mo fún yín lẹ́ni?"

"Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á."

Ẹ̀rù ìbá bà á, ìbínú ò jẹ́. Ó gbá ọwọ́ Àníọlá mú. "Ẹ̀yin aláìnítìjú! Ayò lásán-làsàn! Àwa méjì là ń gbélé yìí, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa mú níbẹ̀. Ẹ dìde!"

Wọn ò dìde. Ó bú wọn títí ohùn rẹ̀ fi há. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kú. Kòkòrò dákẹ́. Nínú yàrá yẹn, èémí ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, àgbà inú wọn dìde.

"A dúpẹ́, Mọ́mì. Ó tó wa."

"Kí ló tó yín? Kí lẹ rí gbà?"

Wọ́n ń jáde lọ. Mẹ́ta ló wọlé. Mẹ́rin ló ń rìn lọ sí géètì, ẹni kẹrin sì gbé èjìká kan sókè, bí Àníọlá ṣe máa ń ṣe.

Ọlájùmọ̀kẹ́ ṣì di ọwọ́ kan mú. Kò yíjú wo ẹni tó ni ín. Ó dúró bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, títí àwọn àlejò náà fi kọjá géètì, tí wọ́n lọ.