Àwọn Orílẹ̀-èdè Tí Awakọ̀ Dá Sílẹ̀

"Ṣé dókítà lo fẹ́ dà ni, tí o fi ń bá Látìn àti Gíríìkì wọ̀yá ìjà báyìí?" Ìyá tó ń ṣọ́ ilé-ìkàwé ló béèrè bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń gbé ìwé atúmọ̀-èdè Gíríìkì kalẹ̀ níwájú ọmọbìnrin tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Ìyá Ìwé.

"Rárá o, mà. Ìdíje ni." Ìyá Ìwé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló ní kí wọ́n kọ ìtàn nípa orílẹ̀-èdè tí ọmọ ènìyàn yóò tẹ̀ dó sójú ọ̀run lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n sì fi Látìn tàbí Gíríìkì sọ wọ́n lórúkọ, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń sọ ewéko lórúkọ. Ẹnì kan lè dá kọ ọ́, ẹni méjì sì lè pawọ́ pọ̀. Èyí tó bá gbégbá orókè, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ gàdàgbà níwájú rẹ̀. Ìyá Ìwé ronú títí, kò rí nǹkan kan mú jáde. Ìgbà náà ló rántí Awakọ̀.

Awakọ̀ ni ọmọ aránṣọ tí ilé rẹ̀ àti ilé Ìyá Ìwé jọ pín ògiri kan. Orí ibùsùn àìsàn ló ti ń fi ọkàn wa ọkọ̀ kiri ojú ọ̀run, tó ń dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀, tó sì ń ròyìn wọn fún Ìyá Ìwé nìkan bó bá ti ilé-ìwé dé. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Bí Ìyá Ìwé bá wá fi èdè àjèjì pààrọ̀ orúkọ wọn, tó tún ìtàn wọn lọ́ síbí lọ́ sọ́hùn-ún, ta ni yóò dá wọn mọ̀? Bí Ilẹ̀ Tí Ara Kì Í Ro Ènìyàn ṣe di Anodynia nìyẹn. Ilẹ̀ Àìsùn di Agrypnia. Èyí tí Awakọ̀ fẹ́ràn jù di Terra Matris Canentis.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bó bá ka Anodynia sókè, á gbọ́ ikọ́ bíi ti Awakọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá bojú wẹ̀yìn, àga lásán ni. Bó bá kọ orúkọ kẹta, ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń ró lódìkejì ògiri á dákẹ́, bí ẹni pé ó ń tẹ́tí. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Ti Ìyá Ìwé ti ń fún un.

"Màámi," ó bi ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́, "ṣé òkú máa ń bínú?"

"Èmi ò bẹ̀rù òkú o. Alààyè tó ń ṣe bí olè ni mò ń bẹ̀rù. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, mà."

Lọ́jọ́ ìdíje, gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún fún àwọn òbí àti aládùúgbò. Adájọ́, ìyá àgbà kan tó wọ awò ojú, yin Ìyá Ìwé dáadáa. "Wá túmọ̀ orúkọ kẹta fún wa ní èdè wa."

"Ilẹ̀ Ìyá Tó Ń Kọrin ni, mà. Níbẹ̀, ọmọ á ṣe bí ẹni tó ti sùn, ìyá rẹ̀ á wá máa kọrin fún un. Ìyá ò ní mọ̀ pé ọmọ ń gbọ́."

Ẹnì kan dìde lẹ́yìn. Aránṣọ, ìyá Awakọ̀, ni, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọmọ mi tó kú," ó ní, "ìgbà tí mo bá rò pé ó ti sùn ni mo máa ń kọrin fún un. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣé ó ń gbọ́ mi ni?"

Irọ́ ti wà létè Ìyá Ìwé: èmi ni mo rò ó, mà. Ṣùgbọ́n bó bá pa irọ́ yẹn, ó ti sọ fún ìyá yìí pé ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ orin kankan kó tó lọ.

"Ó ń gbọ́ yín, mà," ló sọ, ẹkún sì gbà á. "Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Òun ló ni ìtàn yìí. Mo jí i ni."

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ká ní o kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sí i ni, òun ni à bá tẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò gba ohun tí wọ́n jí." Ìtàn ẹlòmíràn ni wọ́n tẹ̀. Orúkọ Awakọ̀ kò sí níbì kankan. Àwọn ọmọ kíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ìyá Ìwé ní Olè Ìwé.

Nígbà tó lọ tọrọ àforíjì, aránṣọ kò bá a wí. Ó kó aṣọ kúrò lórí àpótí ìjókòó fún un. "Jókòó. Sọ wọ́n fún mi, bí òun ṣe sọ wọ́n gan-an."

Ìyá Ìwé la ẹnu. Orúkọ Gíríìkì ló kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó sì rí i pé òun kò mọ èyí tó jẹ́ ti Awakọ̀ nínú ìtàn náà àti èyí tí òun fi bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ló yé e: èdè yòówù kí a fi pa ohun olóhun dà, ohun olóhun ni, ẹni tó bá sì ja òkú lólè, alààyè ló jà lólè.

"Mi ò rántí dáadáa mọ́, mà."

Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Tún wá lọ́la," ó ní. "Bóyá wàá rántí."