Ìṣó Inú Igi Apá

Orí igi ìpín ni Sàídì ti kọ́kọ́ rí Àṣíáwù. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀ka, ó ń fi èkejì wá ibi tí yóò gbé e lé, ó sì ká ìró rẹ̀ mọ́ orúnkún bí ọkùnrin tó fẹ́ kọ ebè. Ọ̀nà Àpòmù sí Ìkirè ni igi náà wà, ewé rẹ̀ a sì máa ha ènìyàn lára bí ahọ́n ológbò.

"Arábìnrin, ẹ rọra o," ni Sàídì wí láti ìsàlẹ̀. "Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa."

"Ta ni 'wa'? Ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń rí."

"Èmi àti pákó mi ni. Káfíńtà ni mí ní Ìkirè. Ewé yìí ni mo fi ń ha igi kó lè dán."

"Èmi fi ń fọ ìkòkò tí mo fi ń dín dòdò. Kò sí pákó yín tó lè dúdú tó o."

Sàídì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ohun tó bá wá. Àṣíáwù já àgbà ewé, èyí tó le dáadáa, ó jù ú lù ú láyà. Ibẹ̀ ni ọkàn Sàídì ti lọ, kò sì padà mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Àṣíáwù bá gbé dòdò wá sí ẹ̀bá títì ní Ìkirè, ewé ìpín tó ń já fún Sàídì kì í wọ́n nínú agbọ̀n rẹ̀.

Gàrúbà, bàbá Àṣíáwù, ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Àpòmù, nítorí kòkó ń ta dáadáa nígbà náà. Ìjì wó igi apá kan lẹ́bàá ọjà. Àwọn kan fẹ́ fi dáná, ṣùgbọ́n Gàrúbà kọ̀ jálẹ̀, kò sì sọ ìdí. Ó là á sí pákó, ó gbé e fún Sàídì pé kó fi ṣe ilẹ̀kùn ojúlé. Nígbà tí àwọn ẹbí Sàídì wá tọrọ Àṣíáwù, èsì kan ni bàbá fún wọn.

"Kó parí ilẹ̀kùn mi ná. Ọwọ́ tó bá bá igi mi ṣòótọ́ ni n óò fa ọmọ mi lé."

Ẹ wá wo iṣẹ́! Sàídì a fi ìfági fá pákó, a fi ewé ìpín gbígbẹ ha á, a máa tẹ̀ lé ìlà ara igi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àṣíáwù a jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, a máa wò ó.

"Ẹ mà ń fọwọ́ pa igi yìí lára jù. Ó ń ṣe mí bíi kí n jowú."

"Alárinà wa ni, olólùfẹ́ mi. Ṣé kí n má tọ́jú alárinà ni?"

Ṣùgbọ́n bó ti ń fá pákó tó gbẹ̀yìn, irin dún nínú igi. Ìṣó ni, igi ti dàgbà bò ó mọ́lẹ̀. Ó yọ ọ́, àmọ́ ìpẹtà ti kun ibẹ̀ dúdú, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀kùn.

"Ẹ kùn ún lọ́dà," ni Àṣíáwù wí. "Bàbá ò ní í mọ̀."

"Bí mo bá fi ọ̀dà bò ó, irọ́ ni mo fi fẹ́ ọ."

Ó fi igi dí ihò náà, ó ha á, ó fi òróró nù ún. Ìlà igi yọ, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó yí ojú dúdú náà po bí omi odò ṣe ń yí òkúta po.

Gàrúbà dé, ojú rẹ̀ sì lọ síbẹ̀ tààrà.

"Igi tèmi kọ́ nìyí! Igi tèmi ò lábàwọ́n. O ti pààrọ̀ rẹ̀! Àṣíáwù, dìde, ká máa lọ. Mi ò lọ́mọ fún olè."

Omi lé sí Àṣíáwù lójú. Sàídì dọ̀bálẹ̀, ó fa ìṣó náà yọ nínú àpò.

"Bàbá, ẹ má bínú. Igi yín ni. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ nìyí."

Ìṣó alágbẹ̀dẹ ni, orí rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gàrúbà gbà á, ó yí i wò, ó sì rọra jókòó sórí àpótí.

"Èmi ni mo kàn án," ni ó wí. "Abẹ́ igi yẹn ni Àmọ̀kẹ́ ti ń pàtẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo ní kí n kan ìṣó tí yóò máa fi agbọ̀n kọ́, kí ewúrẹ́ má baà máa yọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò sì mọ ìṣó í kàn! Mo gbá ìka mi, mo gbá ìṣó, ó wọ́, Àmọ̀kẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ wo? Mo kàn fẹ́ dúró lọ́dọ̀ ẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, Àṣíáwù kò gbọ́ kí bàbá rẹ̀ dárúkọ yẹn. Ó sún mọ́ ọn, ó dì í lọ́wọ́ mú.

Gàrúbà fọwọ́ pa ojú dúdú náà títí. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí òkìtì ewé ìpín ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbogbo ewé yìí wà fún?"

Àwọn méjèèjì wolẹ̀. Gàrúbà bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi fi ìṣó ẹyọ kan dúró lọ́dọ̀ Àmọ̀kẹ́. Sàídì, ìwọ fi odidi ilẹ̀kùn!" Ó fi ìṣó náà sí i lọ́wọ́. "Gbà. Lọ kàn án sí ilé rẹ. Ẹni tí yóò fi agbọ̀n kọ́ ọ ń bọ̀."

Lẹ́yìn ìkórè kòkó, a so yìgì wọn ní Àpòmù, níwájú ilẹ̀kùn tí a kò kùn lọ́dà. Nílé Sàídì ní Ìkirè, Àṣíáwù gbé agbọ̀n rẹ̀ kọ́, agbọ̀n náà sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Káfíńtà, ìṣó yín wọ́ o."

"Bàbá ẹ ló kọ́kọ́ kàn án," ni Sàídì dáhùn. "Ta ni mo jẹ́ tí n óò tún un ṣe?"