Ọ̀rọ̀ Tó Fò Kọjá Àgbàlá

"Títí, má sáré! Ilẹ̀ ń yọ̀ o!"

Sístà Dora, nọ́ọ̀sì àgbà, ló ń pariwo láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n Títíladé kò dúró. Ó ti fi ìwé pélébé kan há abíyá, ó fi ọ̀rá bo orí, ó ń sá láti yàrá tí wọ́n ń kó ìwé aláìsàn sí lọ sí ilé oògùn ní òdìkejì àgbàlá. Oṣù Òkúdù ọdún 1999 ni. Ní Àyèká tiwa, ẹni tó bá ní kí òjò oṣù yẹn dá kí òun tó jáde, inú ilé ni yóò darúgbó sí.

Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àlàmú tó ń pín oògùn, tàdáwà ti ṣàn.

"Ọmọ mi, kí ni kí n kà níbí? Odò lo gbé wá, àbí ọ̀rọ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sọ ọ́, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni n óò sọ ọ́."

Ó ní ohun tó fà á. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin àgbẹ̀ kan láti Ìjù-Odò, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá, wá gba ìtọ́jú. Ara rẹ̀ kò gba pẹnisílíìnì rárá. Sístà Dora kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n má fún un. Òjò fọ ìlà yẹn nù. Wọ́n sì fún un. Kò pẹ́ rárá tí ojú rẹ̀ fi wú, tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ọlọ́run ló ní kò níí kú lọ́jọ́ náà.

Títíladé ló gbé ìwé yẹn sọdá. Kò sí ẹni tó bá a wí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ìjọ tó ni ilé ìwòsàn gbé kọ̀ǹpútà méjì wá, tí wọ́n ní ọ̀kan yóò máa bá èkejì sọ̀rọ̀ kọjá àgbàlá láìsí wáyà, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Láìsí wáyà?" Lucas ló bú sẹ́rìn-ín. Òun ni wẹ́dà tó ń jó irin ní ìlú, òun náà ló ń tún rédíò ṣe, òun sì ni ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn máa ń pè bí nǹkan bá ti bàjẹ́. "Ṣé ẹyẹ ni ọ̀rọ̀ náà ni?"

Àwọn tó gbé e wá kò bá a jiyàn. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Ẹtì la óò padà wá. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a óò gbé e lọ fún àwọn ará ìlú Iyansan."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹni tí yóò tò ó dé lórí ọ̀kadà. Adéìfẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Iléṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Òkìtìpupa. Òjò ti pa á títí dé ìbọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n àpò kékeré tó gbé sí àyà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì gbẹ bí ẹ̀wà. Títíladé wò ó. Ọkùnrin tó jẹ́ kí òjò pa òun kí òjò má baà pa iṣẹ́ òun!

Adéìfẹ́ kò tíì kí ẹnikẹ́ni tán tó fi lọgun:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n! Ẹ dúró!"

Lucas ti mú irin tó fi ń tú ìdè, ó ti fẹ́ tú kọ̀ǹpútà, omi òjò ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dúró kẹ̀? Ta ni yín? Mo ti pa á!"

"Ẹ ti pa á, sà, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì yọ ọ́. Ẹ wo ara ògiri."

Gbogbo ojú yí sí ògiri. Okùn kọ̀ǹpútà ṣì wà lẹ́nu iná.

"Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì, ó kàn mú un sùn ni," ni Adéìfẹ́ wí. "Iná ṣì ba sínú rẹ̀ bí ejò tó ba sábẹ́ ewé. Ẹ yọ okùn kúrò lára ògiri kí ẹ tó tú ìdè kankan. Ọwọ́ tútù kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá."

Lucas wo ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Mi ò kúkú tíì fi kàn án," ló ń kùn.

"Ọlọ́run ló fẹ́ràn ìyàwó ẹ," ni Sístà Dora wí.

Adéìfẹ́ yọ okùn. Ó tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì yọ káàdì kan, èyí tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ kọjá láìsí wáyà, jáde nínú àpò kékeré rẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ́ríà kékeré kan, irú ọ̀pá orí rédíò, yọ nídìí rẹ̀ bí ìka ọmọdé.

"Nǹkan bíńtín yìí?" Títíladé ò mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ síta.

"Òun náà ni, àǹtí. Ṣùgbọ́n kí n tó fi ọwọ́ kàn án dáadáa, ẹ wò mí." Ó gbé ọwọ́ lé ara irin kọ̀ǹpútà náà. "Ṣé ẹ mọ bí aṣọ ọlọ́ràá ṣe ń ta pàtì-pàtì lára nígbà ọyẹ́? Irú iná kékeré yẹn wà lára wa. Àwa ò níí mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ó lè pa káàdì. Bí mo bá fọwọ́ kan irin yìí, ó ti bọ́ lára mi nìyẹn. Etí káàdì sì ni mo máa dì mú. Ẹ máa mú un bí ìgbà tí ẹ bá mú fọ́tò ẹni tí ẹ fẹ́ràn."

Títíladé bojú wolẹ̀.

Káàdì náà wọ àyè rẹ̀ ṣinṣin, ẹ́ríà rẹ̀ yọ síta lẹ́yìn. Ó dè é, ó bò ó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá okùn padà sí ògiri. Ó fi káàdì kejì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nílé oògùn. Lucas ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún un níbẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere bí ojú ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́ran.

Kọ̀ǹpútà tàn, ó ní òun rí àlejò nínú ara òun, òun fẹ́ díìsìkì tí òun yóò fi mọ̀ ọ́n lò.

"Díìsìkì kan wà lọ́wọ́ àbúrò mi," ni Lucas wí kíá. "Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀. Gbogbo Òkìtìpupa ló ń yá a."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Díìsìkì tí gbogbo ìlú ti yá, àrùn kọ̀ǹpútà gbogbo ìlú ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá káàdì wá la máa lò."

Ó fún kọ̀ǹpútà méjèèjì ní orúkọ ìpàdé kan náà, kí wọ́n lè mọ ara wọn. Lẹ́yìn náà ló béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí.

"Ẹ fi 'Àánú' sí i," ni Sístà Dora wí. "Orúkọ ilé ìwòsàn wa."

"Ó wà lára pátákó lẹ́bàá títì, mà."

"Ẹ fi 'Lucas' sí i," ni Lucas wí.

"Ìyẹn burú ju ti pátákó lọ!" Ẹ̀rín sọ nínú yàrá. Ṣùgbọ́n Adéìfẹ́ kò rẹ́rìn-ín pẹ́. "Àìsàn àwọn ènìyàn ló máa gba inú afẹ́fẹ́ yìí kọjá. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ògiri yín pẹ̀lú irú káàdì yìí lè ka gbogbo rẹ̀, bí kò bá sí ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹ yan ohun tí kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì kọ ọ́ mọ́ ògiri."

Títíladé ló yàn án. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà méjèèjì fúnra rẹ̀, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn. Títí di òní olónìí, Lucas kò mọ̀ ọ́n.

Adéìfẹ́ sọdá sí ilé oògùn. Títíladé jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, òun nìkan, òjò ń lu páànù kíkankíkan. Kò sí wáyà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí okùn lójú fèrèsé. Lójijì, ọ̀rọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà:

*Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?*

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbójú sókè, ó sì rí i nínú ìkùukùu òjò, ojú Adéìfẹ́ ní fèrèsé òdìkejì, tó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ti la àárín òjò yẹn kọjá, ìlà kan kò nù!

Ó tẹ èsì padà.

*Ó ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kò tutù.*

Bàbá Àlàmú jáde sínú òjò láìdé fìlà. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fọwọ́ tọ́ afẹ́fẹ́ bóyá wáyà kan wà níbẹ̀ tí ojú òun kò rí.

"Ọba tó ni afẹ́fẹ́," ló ń wí ṣáá. "Ọba tó ni afẹ́fẹ́, o tóbi!"

Ṣé ẹ mọ̀ wá nílẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí? Ohun tó bá níye lórí, inú àgò irin ló ń sùn. Jẹnẹrétọ̀ ìjọ wà nínú àgò. Fíríìjì àjẹsára wà nínú àgò. Ìgbìmọ̀ ṣèpàdé ní Ọjọ́rú, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ sùn níta. Lucas fi inú dídùn jó irin pọ̀ di àgò méjì. Ó fi páànù tó nípọn bò wọ́n yí ká, òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn, kí òjò àti olè má baà ráyè. Ilẹ̀kùn kan ló fi sí iwájú, tó ń pa dé fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà méjèèjì wọnú wọn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Títíladé tẹ ọ̀rọ̀. Kò lọ. Ó tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ẹnì kejì òun.

"Káàdì yẹn ti kú," ni Lucas wí. Rédíò kékeré rẹ̀ ń kọrin lọ́wọ́ rẹ̀. "Ilé ìwé kọ́ ni ayé. Ẹ jẹ́ kí n tú u kí n wo inú rẹ̀."

"Ẹ má tú u, Bùrọ̀dá Lucas. Ẹ jọ̀ọ́." Títíladé dí i lọ́nà. Ọjọ́ Ẹtì ku ọ̀la. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lábẹ́ òjò, ìwé lábẹ́ abíyá, ojú Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá tó wú.

"Mo ti yọ okùn rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ṣé ẹ rí i pé mo gbọ́ràn?" Lucas gbé rédíò rẹ̀ lé orí kọ̀ǹpútà nínú àgò, ó yí ẹ̀yìn láti wá irin ìtúdè. Ilẹ̀kùn àgò pa dé.

Orin dákẹ́. *Ṣììììì* ló kù.

Títíladé ṣí ilẹ̀kùn náà. Orin dé. Ó tì í. *Ṣììììì.* Ó tún un ṣí.

"Kí lẹ ń fi rédíò mi ṣe?"

"Bùrọ̀dá Lucas, ṣé rédíò yín ní wáyà?"

"Rédíò wo ló ní wáyà?"

"Báwo ni orin ṣe ń dé inú rẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e—" Lucas yíjú. Ó wo rédíò. Ó wo àgò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó. "Yéè! Èmi Lucas! Èmi ni mo dí i lẹ́nu!"

Bí Adéìfẹ́ ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, kọ̀ǹpútà méjèèjì ti wà lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ ti ń lọ ó ti ń bọ̀. Wọ́n ròyìn fún un.

"Òótọ́ ni. Ara kọ̀ǹpútà náà irin ni, ìdí nìyẹn tí ẹ́ríà rẹ̀ fi yọ síta. Bí ẹ bá tún fi irin mìíràn bo ẹ́ríà, ọ̀rọ̀ kò ní ibi tí yóò gbà. Nínú àgò, ooru sì lè pa á." Ó yíjú sí Títíladé. "Ta ló kọ́ yín?"

"Rédíò Bùrọ̀dá Lucas ni."

Bó ṣe wò ó láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni Adéìfẹ́ tún ṣe wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, àwọn àlejò láti ìjọ dé. Òjò náà dé. Ta ló sì wọlé tọ òjò náà wá, tí eéwo yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá ni. Sístà Dora yẹ̀ ẹ́ wò. Títíladé jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́:

*Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá, Ìjù-Odò. Ara rẹ̀ kò gba pẹnisílíìnì. Ẹ má fún un.*

Àwọn àlejò na ọrùn. Èsì Bàbá Àlàmú dé, ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́:

*mo ti ri i omo mi. mo ti gbe e seyin. mo mu omiran*

Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá béèrè ohun tó ń pa Títíladé lẹ́kún.

Kọ̀ǹpútà kò lọ sí Iyansan. Àgò Lucas ńkọ́? Ìyá Títíladé ló bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀kan, púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ló ń kó sí i, ewúrẹ́ kò rí i jẹ mọ́.

Ẹ̀yin ará wa, bí irú káàdì yìí bá dé ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwé yín, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ má sì fojú tín-ín-rín wò ó. Ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri kí ẹ tó tú kọ̀ǹpútà, kí ọwọ́ yín gbẹ, ẹ fọwọ́ kan irin rẹ̀ kí ẹ tó mú káàdì. Díìsìkì tó bá a wá ni kí ẹ lò, ẹ kọ díìsìkì àyákà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣírí tí aládùúgbò kò lè mọ̀ dè é, nítorí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ ọ lọ́wọ́ olè, ilẹ̀kùn yàrá ni kí ẹ fi irin sí, kì í ṣe ara kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sì sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó dí i lójú ọ̀nà kí ẹ tó sọ pé ó ti kú, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Òjò ṣì ń rọ̀ ní Àyèká. Títíladé kò sáré mọ́.