Àwòrán Ẹyin Tí Ingegerd Kò Rí

Agogo kọfí dún, ṣùgbọ́n Ingegerd kò gbójú kúrò lára awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹyin òòrẹ̀ òkun ló ń wò nínú abọ́ omi, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún tí bàbá rẹ̀ apẹja máa ń ṣépè fún bó bá há sínú àwọ̀n rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni kó máa ya àwòrán ẹyin yìí ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, bó ṣe ń pín kó tó di ọlẹ̀. Bó bá ṣe é dáadáa, Dókítà Hallenborg, obìnrin tí ìmọ̀ rẹ̀ nípa ọlẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo etíkun Sweden, yóò kọ lẹ́tà tí yóò gbé e wọ yunifásítì.

"Dìde jàre," Barbro ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí. "Àbí o fẹ́ kí wọ́n ní ọmọ apẹja ti ń gbéra ga?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ní ibùdó ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá àti ẹni tó ń fọ abọ́ ló jọ ń mu kọfí aago mẹ́wàá nídìí tábìlì kan. Ẹni tí kò bá wá, wọn á ní ó ka ara rẹ̀ sí ẹni ńlá. Ó bá a lọ. Nígbà tó fi padà lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹyin tó fi sílẹ̀ ní odindi ti pín sí mẹ́rin.

"Mo gbé," ni Ingegerd wí. "N kò rí ìgbà tó di méjì."

"Kí ló wá le níbẹ̀? Ẹyin wo ni kì í di méjì kó tó di mẹ́rin? Ó wà nínú ìwé. Yà á, ọ̀rẹ́."

Ó yà á. Méjì tó wà nínú ìwé ló wò yà.

Lọ́sàn-án, Dókítà Hallenborg yẹ àwọn àwòrán náà wò, ó sì mí kanlẹ̀. "Ó dáa náà. Mo da àtọ̀ púpọ̀ lé àwọn ẹyin wọ̀nyí kí méjì lè wọ inú ẹyin kan. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sọ pé irú ẹyin bẹ́ẹ̀ á fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìwọ rí méjì. Èmi ni mo ṣìnà." Ó mú gègé, ó fẹ́ fagi lé iṣẹ́ rẹ̀.

Bí Ingegerd bá dákẹ́, lẹ́tà ti di tirẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ó tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ má fagi lé e. N kò rí méjì. Kọfí ni mo lọ mu. Inú ìwé ni mo ti wò ó yà."

Obìnrin náà fi gègé sílẹ̀. "Ọmọ yìí, kọfí á dúró dè ọ́. Ẹyin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí mo bá wà nídìí awò, ọba gan-an kò tó ẹni tó ń pè mí wá mu kọfí." Ó fa àwòrán náà ya. "N kò ní kọ lẹ́tà kankan lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n wá lọ́la, aago mẹ́jọ."

Ingegerd sunkún délé, síbẹ̀ ó wá. Agogo dún, Barbro pè é, Ingegerd mi orí pé òun kò lọ. Lójú rẹ̀ kòrókòró ni ẹyin kan súnkì láàárín, tó sì pín sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yà á bó ṣe rí i.

Ọdún kan gbáko ló fi fọ abọ́ níbẹ̀ kó tó gba lẹ́tà. Òun náà ti di ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sọ: "Òtítọ́ gba ọdún kan lọ́wọ́ mi. Irọ́ mi ì bá gba ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ẹ kò bá rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò rí i."