Rọ́bà Tó Dẹ̀

Olùkọ́ eré ìdárayá da àwọn ṣòkòtò péńpé náà sórí tábìlì aránṣọ. Kò pariwo. Ó mú ọ̀kan, ó fà á ní ìbàdí, ó sì fi í sílẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ kò súnkì padà. Ìbàdí ṣòkòtò la ẹnu sílẹ̀ bí àpò tí okùn rẹ̀ já.

Ó ní àwọn ọmọ òun wọ̀ ọ́ sáré láàárọ̀, kò sì sí ẹni tí kò fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú nínú wọn. "Màmá, ọwọ́ méjèèjì ni eléré ìje ń jù. Ẹni tó bá fi ọ̀kan di ṣòkòtò mú, ìtìjú ló ń sá fún, kì í ṣe àwọn tó ń lé e."

Aránṣọ náà kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò dá iṣẹ́ rẹ̀ padà rí. Ó yẹ ojú ìrán wò, ojú ìrán dára. Ó fa rọ́bà wò, ó gbé e sílẹ̀.

"Ìyá Alábẹ́rẹ́ ta rọ́bà gbígbó fún mi," ó wí.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ kejì nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ àbúrò rẹ̀ ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù kan. Abẹ́rẹ́ gún un. Ó mọ ẹni tó ba rọ́bà náà jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ aránṣọ yìí ni ọmọbìnrin náà ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Màmá ló ń pè é. Nílé ẹ̀kọ́, Kí-ló-fà-á ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe òun náà, nítorí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ìbéèrè ló sì dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀.

Olùkọ́ físíìsì ló sọ fún wọn ní kíláàsì pé àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà ń jìnnà sí i lójoojúmọ́. Ó ní kì í ṣe pé wọ́n ń sáré gba inú òfurufú kọjá bí ọkọ̀ tó ń gba títì kọjá. Òfurufú tó wà láàárín wọn gan-an ló ń gbòòrò.

Kí-ló-fà-á nawọ́ sókè. Ó ní bí òfurufú bá ń gbòòrò, ṣé òun náà ń gbòòrò? Ṣé àga tí òun jókòó lé ń gbòòrò? Bí ohun gbogbo bá ń tóbi pa pọ̀, rúlà wo ni a fi mọ̀? Ìmọ́lẹ̀ tó ti gbéra ńkọ́, tí ọ̀nà ń gùn sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣé yóò dé?

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn pé kó wo ikùn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bó bá ń wá ẹ̀rí ohun tó ń gbòòrò. Olùkọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ìbéèrè gidi ni," ó ní. "Mi ò ní ìdáhùn tó kún lọ́wọ́. Èmi yóò lọ kà sí i. Ìwọ náà, lọ wá ohun tí a lè fojú rí tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀."

Ó yan Kí-ló-fà-á àti Lọ́yà láti ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn níbi ìdíje ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lọ́yà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ ẹjọ́ rò ju ẹni tó jẹ̀bi lọ. Àwọn tó bá gba ipò kìíní yóò lo ọlidé níbi tí awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ wà. Láti ìgbà tí Kí-ló-fà-á ti gbọ́ èyí, oorun rẹ̀ kò jinlẹ̀ mọ́.

Rọ́bà ìbàdí ló wá sí i lọ́kàn. Òun ló ń fi rọ́bà sí ìbàdí ṣòkòtò nínú ṣọ́ọ̀bù, ó mọ bó ṣe ń nà. Odindi rólù tuntun kan wà ní ilé tí Màmá kò tíì fọwọ́ kàn. Kò tọrọ rẹ̀. Kò gé e. Ó tú u jáde, ó rán bọ́tìnnì mélòó kan mọ́ ọn, ó fi ìṣó kan orí àti ìdí rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ lẹ́yìn àwọn aṣọ tó so rọ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ìlà kan sára rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi. Ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ló ń tú ìṣó, tó ń nà án sí i, tó ń kàn án padà. Bó bá sì ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń ti ojú fèrèsé jó o.

Ohun tó rí dùn mọ́ ọn. Bọ́tìnnì kò tóbi sí i, nítorí òwú dì í mú, ara rẹ̀ sì le. Àárín bọ́tìnnì ló ń fẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì kan tó kúrò níbi tí a rán an mọ́, síbẹ̀ gbogbo wọn ń jìnnà síra wọn, èyí tó jìnnà jù ló sì ń yára lọ jù. Ìgbì ṣọ́ọ̀kì náà ń gùn sí i. Olùkọ́ ti sọ pé ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ bá gùn báyẹn, àwọ̀ pupa ló ń sún mọ́. Lọ́jọ́ kan, èèrà gba orí rọ́bà náà kọjá bó ṣe ń nà án. Èèrà kò yára ju bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, kò sì fà sẹ́yìn. Ọ̀nà ló gùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó dé, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ṣòkòtò eléré ìje dé, Màmá sì ní kó gbé rọ́bà tuntun wá. Kí-ló-fà-á sáré tú bọ́tìnnì, ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò, ó ká rọ́bà padà. Nígbà tó ń fi í sí ìbàdí ṣòkòtò, ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un pé rọ́bà náà ti rọ̀ jù. Kò dá ọwọ́ lóhùn. Ó rò pé rọ́bà kì í rántí ohun tí a fi ojú rẹ̀ rí. Rọ́bà a máa rántí.

Màmá ní kó kó àwọn ṣòkòtò náà tẹ̀ lé òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alábẹ́rẹ́. Obìnrin yìí ló ń ta abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì àti rọ́bà fún gbogbo aránṣọ àdúgbò. Abẹ́ ọ̀gá kan náà ni òun àti Màmá ti kọ́ṣẹ́. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í wá jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Màmá, tí wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò sí yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Màmá sọ̀rọ̀ tó le. Ó ní ọ̀rẹ́ kì í fi ọjà gbígbó dójú ti ọ̀rẹ́. Ìyá Alábẹ́rẹ́ fa ìbàdí ṣòkòtò kan wò, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Kò jiyàn. Ó ní bó bá jẹ́ lọ́wọ́ òun ló ti wá, kí wọ́n má bínú. Ó gbé rólù mìíràn lé Màmá lọ́wọ́. Màmá gbà á, ó ní òun kò ní í rajà níbẹ̀ mọ́. Kí-ló-fà-á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wúwo bí irin tí a fi ń lọ aṣọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì ó rò ó fún Lọ́yà. Lọ́yà ní kó pa ẹnu mọ́. Ìdíje ku díẹ̀. Bí Màmá bá gbọ́, kò ní í jẹ́ kó lọ. Rólù tuntun sì ti dé, kí ló tún kù? "Ta ló rí ẹ? Kò sẹ́lẹ́rìí, kò sẹ́jọ́. Rọ́bà ò sì lẹ́nu."

Ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó fẹ́ ẹ gan-an.

Nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alábẹ́rẹ́. Obìnrin náà tú gbogbo rọ́bà ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń fà wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá àṣìṣe tí kò ṣe. Ó rí Kí-ló-fà-á, ó pè é. Ó ní òun ti gbọ́ pé ọmọ ń lọ síbi ìdíje. Ó bu bọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère sínú ọ̀rá kékeré kan.

"Gbà, fi ṣe iṣẹ́ rẹ. Bá mi kí màmá rẹ. Bó bá ti gbọ́ orúkọ mi tó bínú, tètè dákẹ́."

Kí-ló-fà-á kò mọ bó ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Màmá. Ó kúnlẹ̀ ní iwájú ẹ̀rọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ìṣó, oòrùn, ọwọ́ tó kìlọ̀ fún un. Màmá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"O rí mi tí mo ń bú ẹni ẹlẹ́ni," ó wí.

"Mo rí yín, mà."

"Dìde. Èmi nìkan kọ́ lo jẹ ní àlàyé."

Wọ́n jọ lọ. Kí-ló-fà-á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó nira ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ó tó parí, Màmá fúnra rẹ̀ ti tẹ orúnkún kan ba. "Ọ̀rẹ́ mi, forí jì mí. Ẹnu mi ló dẹ̀ ju rọ́bà lọ."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ní kó dìde, kó má ba ìró rẹ̀ jẹ́, kó má baà tún ní òun ló ta aṣọ gbígbó fún un. Ìgbà yẹn ni àwọn àgbà méjèèjì tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ló sunkún.

Màmá kò nà án. Kò sì gbà á lọ́wọ́ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ó ní gbogbo ṣòkòtò náà, ọmọ náà ni yóò tú u, ọmọ náà ni yóò tún un rán, kí eléré ìje tó wá gbà á. Bó bá parí, kó lọ síbi ìdíje rẹ̀. Bí kò bá parí, kó jókòó.

Gbogbo àkókò tí wọn ìbá fi ṣe ìdánrawò ló bá a lọ. Lọ́yà wá kanra mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó rojọ́ títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀, ó bá fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Fún mi ní abẹfẹ́lẹ́ kan," ó wí. "Mo ti pàdánù ẹjọ́ yìí." Wọ́n jọ ń tú ìbàdí. Bí wọ́n ṣe ń tú u, Kí-ló-fà-á ń wo rọ́bà tó dẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di èyí tó gùn jù pọ̀, ó fi sínú àpò.

Wọ́n parí. Wọ́n lọ.

Níwájú àwọn adájọ́, Lọ́yà di orí rọ́bà tuntun kan tí Màmá gé fún wọn mú, ó di ìdí rẹ̀ mú, bọ́tìnnì Ìyá Alábẹ́rẹ́ sì ń dán lára rẹ̀. Wọ́n fi bí àárín ṣe ń fẹ̀ hàn, àti bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gùn. Wọ́n sọ ti èèrà. Kí-ló-fà-á sọ ohun tí olùkọ́ lọ kà wá fún un: pé bí ọ̀nà bá ń gùn ju bí èèrà ti ń rìn lọ, èèrà lè má dé láé. Àwọn ìmọ́lẹ̀ kan ti gbéra tí kò ní í dé ọ̀dọ̀ wa.

Adájọ́ tó dàgbà jù yọ awò ojú rẹ̀. "Ó dára. Ibo ni àpẹẹrẹ yín ti purọ́?"

Lọ́yà, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn yìí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ sórí. Kí-ló-fà-á yọ rọ́bà tó dẹ̀ jáde láti inú àpò, ó fà á, ó fi í sílẹ̀. Kò padà.

"Ibi méjì ni, sà," ó wí. "Rọ́bà máa ń dẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òfurufú ń dẹ̀. Èkejì, ọ̀rẹ́ mi ló ń fa rọ́bà yìí. Mi ò mọ ohun tó ń fa òfurufú."

Bàbá náà wò ó. "Àwa náà ò tíì mọ̀ ọ́n tán," ó wí. Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ipò kejì ni wọ́n gbà. Awò ńlá náà lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ó dun Kí-ló-fà-á, kò sì pa á mọ́. Ó ń rò ó pé bóyá àkókò tí wọ́n fi tú ìbàdí ni ipò kìíní bá lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ti jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà, ó ń fi bí Màmá ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà dúró díẹ̀ níta kó tó wọlé. Ó wo àwọn méjèèjì, ó sì dúpẹ́ nínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì dúpẹ́ lójú wọn, nítorí ọpẹ́ tí a fi sínú, ta ni yóò gbọ́ ọ?

Màmá gba rọ́bà tó dẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ ìṣó lókè ẹ̀rọ kejì.

"Ti ìbéèrè nìyí," ó wí. "Ti oníbàárà wà nínú rólù. Bó o bá fẹ́ bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ayé, kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè. Ohun tí a bá fi pamọ́ ló ń dójú tini. Òtítọ́ a sì máa pẹ́ lọ́nà bíi ti èèrà, ṣùgbọ́n bí a kò bá fa ọ̀nà gùn mọ́ ọn, yóò dé.